Ẹ̀yin onímàlúù díẹ̀, ìlànà tuntun wo lẹ gbà, èwo lẹ sì pa tì?

Àgbẹ̀ Ìdájí: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ti dá wa lẹ́kọ̀ọ́ títí lórí màlúù tí à ń fún wàrà rẹ̀: omi, oúnjẹ, ìmọ́tótó, abẹ́rẹ́ oyún (ìyẹn fífi irinṣẹ́ gbé àtọ̀ akọ sínú abo, láìjẹ́ pé akọ gùn ún). Lẹ́nu ẹni tó ń ṣe é gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ sọ ti yín.

Ìyá Ìbejì: Omi. Tẹ́lẹ̀, ńṣe là ń dà wọ́n lọ sódò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí a gbé ọpọ́n omi sí ìdí wọn, tí omi kì í tán níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò pẹ́ tí wàrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bí ìdá 87 nínú 100 wàrà, omi ni. Ẹ má tíì náwó sórí oúnjẹ bí omi ò bá tó.

Ọmọ Olóko: Òótọ́ pọ́ńbélé.

Baba Àgbà: Mo ń ṣiyèméjì o. Bí màlúù ò bá ti ìdílé oníwàrà wá, kó mu odò tán, kò ní kún garawa.

Ìyá Ìbejì: Baba, ẹ ò parọ́. Àmọ́ aládùúgbò wa ra ìran oníwàrà lówó gọbọi, koríko ẹ̀bá ọ̀nà ló ń fún un jẹ. Egungun ìhà rẹ̀ là ń kà báyìí.

Dókítà Ẹran: Èyí tí mo ń bá pàdé jù ni ọmú wíwú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé garawa sábẹ́ ọmú, ẹ fún díẹ̀ láti orí ọmú kọ̀ọ̀kan sínú ife dúdú. Bí ẹ bá rí funfun tó dì wẹ́wẹ́, tàbí tó ṣàn bí omi lásán, àrùn ti wọlé nìyẹn; màlúù yẹn ni kí ẹ fún kẹ́yìn. Màlúù yòówù tí ẹ bá fún tán, ẹ ki orí ọmú rẹ̀ bọ oògùn apakòkòrò, kí ẹ sì gbé koríko síwájú rẹ̀ kó máa jẹun lórí ìdúró. Ihò orí ọmú kì í tètè pa dé, ó lè tó ìṣẹ́jú 30. Bó bá dùbúlẹ̀ sínú ìgbẹ́ lásìkò yẹn, kòkòrò á ráyè wọlé.

Afúnwàrà: Dókítà, ẹ ṣé, àmọ́ ta ni wọ́n ń pè síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn? Ọkọ mi ni wọ́n pè. Èmi ni mò ń fún wàrà. Nígbà tó dé, ó ní “wọ́n ní ká máa fọ ọmú.” Ó parí! Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa ife dúdú. Ọ̀rọ̀ orí ọmú, ẹni tó ń fà á ló yẹ kó gbọ́ ọ.

Ọmọ Olóko: Àǹtí, ẹ ti sọ ọ́!

Ìyá Ìbejì: Owó wàrà náà ńkọ́? Àwa là ń gé eèsún, àwa là ń rù ú wálé. Wọ́n á ní ilé yìí ti gba ìlànà tuntun. Iṣẹ́ wa ló lé sí i!

Baba Àgbà: Ẹ rọra o. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń ka owó wa.

Afúnwàrà: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ bá wa kọ́ àwọn tó kù.

Àgbẹ̀ Ìdájí: Abẹ́rẹ́ oyún ńkọ́? Kì í mú lọ́dọ̀ wa.

Dókítà Ẹran: Àsìkò ni. Ó máa ń tó bí ọjọ́ 21 kí màlúù tó tún wá akọ, kì í sì í sábà tó odindi ọjọ́ kan tó fi máa rọlẹ̀. Bí ẹ bá rí i láàárọ̀ tó dúró gbọin kí ẹlòmíràn gùn ún, ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n gún un. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ rí i, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọmọ Olóko: Ọ̀túnla ni ẹni tó ń gún tiwa máa ń dé. Á sì gbowó rẹ̀ pé.

Baba Àgbà: Ìdí tí akọ fi wà nínú agbo mi nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Kó tún máa gun àwọn ọmọ tó bí?

Baba Àgbà: Mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà.

Afúnwàrà: Wọ́n tún ní ká ya ọmọ kúrò lára ìyá. Tiwa kì í sọ wàrà bí kò bá rí ọmọ rẹ̀.

Dókítà Ẹran: Bó bá jẹ́ màlúù oníké, ẹ jẹ́ kí ọmọ wà nítòsí, ọ̀pọ̀ wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Wàrà àkọ́fún tó pọ́n rúsúrúsú yẹn, ẹ má tà á o. Kí ọmọ mu ún yó láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bí i.

Afúnwàrà: Mo máa ní kí ọkọ mi wá ka eléyìí fúnra rẹ̀.