Òjò àti ooru Ìlọrin: kí lojú yín ti rí?

Ọmọ Òkèlele: Ẹ kú àsìkò o. Àdúgbò wa ń ṣèpàdé ní Sátidé, wọ́n ní ká mú àbá wá lórí bí a ó ṣe múra de òjò àti ooru tó ti yí padà yìí. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Kí n tó kọ ohunkóhun, ẹ sọ tẹnu yín.

Ìyá Ìbejì Amílégbé: Aago mẹ́ta òru ni mo gbọ́ tí ìkòkò ń kan ara wọn ní kíṣìnnì, mo ṣebí eku ni. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì, omi dé orúnkún mi! Fìrísà ti léfòó, ẹran Iléyá ṣì wà nínú rẹ̀. A gbé àwọn ọmọ sórí tábìlì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, bàtà ẹsẹ̀ kan péré ni mo rí, ti aládùúgbò sì ni. Dòní, bí òjò bá ṣú lálẹ́, n kì í sùn.

Sawmill Boy: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹran Iléyá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Amílégbé: A sè é. Ṣé kí n dà á nù ni?

Alfa Pákátà: Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó o...

Ìyá Ìbejì Amílégbé: Alfa, inú ilé náà ni mo wà, ẹ má fòwe sìn mí. Mo rẹ́ǹtì ni. Lánlọ́ọ̀dù tó kọ́lé sójú odò ni kẹ́ ẹ lọ pa á fún.

Ayálégbé: Àwọn kan wá fi ọ̀dà pupa kun ògiri wa, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wó o. Ó ti tó ọdún mẹ́rin. Ọ̀dà ti ṣí, ilé ò wó, wọ́n tún ti kọ́ méjì síwájú wa, tó sún mọ́ omi ju tiwa lọ.

Sawmill Boy: Kamẹrúùnù ló fà á. Wọ́n ń ṣí dáàmù wọn.

Tíṣà: Kamẹrúùnù kẹ̀? Orí odò Benue ni dáàmù Lagdo wà. Lọ́kọ́ja ni Benue ti pàdé Ọya, ìsàlẹ̀ wa nìyẹn. Ṣé omi á wá gun òkè wá sí Ìlọrin ni? Ti Pàtígi yàtọ̀, àwọn yẹn wà létí Ọya, ìsàlẹ̀ dáàmù Kainji àti ti Jẹ́bà. Tiwa ni Àsà àtàwọn odò kéékèèké tó ń wọ inú rẹ̀, bí Àgbá àti Alálùbọ́sà, tí a fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dí pa.

Sawmill Boy: Tíṣà ti mú ẹgba dé.

Ọmọ Ọ̀fà: Kò sírú eléyìí lọ́dọ̀ tiwa.

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán: Odò Ọ̀yún ti kúrò ní Ọ̀fà nìyẹn?

Ọmọ Ọ̀fà: Ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Omi ò lè dá wa.

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán: 😂 Ọ̀dá ló dá èmi ní tèmi. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo gbin àgbàdo, ó wá dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹyẹ ṣa díẹ̀, oòrùn jó ìyókù. Mo tún kóńgò méjì rà, mo tún un gbìn. Ọdọọdún ni NiMet, àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, ń sọ bí òjò á ṣe rọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń kà á fún wa lóko?

Tíṣà: Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà náà ti wà láti 2021, Buhari ló buwọ́ lù ú. Ẹ bi gọ́tà yín bóyá ó ti kà á.

Gáà Àkáńbí: Gbogbo yín ń sọ omi. Ooru ńkọ́? Páánù lásán ló wà lórí mi, kò sí sílíìnì. Lóṣù kẹta mo kó ẹní síta, ẹ̀fọn gbà mí lálejò. Nínú ilé amọ̀ bàbá àgbà mi ní Ojúẹkùn, ọ̀sán gangan lèèyàn ń sùn. Àwa la wó o, a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ. Ọ̀làjú!

Alfa Pákátà: Ẹ gbin igi. Dóńgóyárò kan wà níwájú ilé wa tẹ́lẹ̀, wọ́n gé e torí kí mọ́tò lè wọlé.

Ayálégbé: Igi? Ọ̀kan wó lu páánù mi lọ́dún tó kọjá.

Alfa Pákátà: Wọ́n ti gé gbòǹgbò rẹ̀ láti wa gọ́tà ni.

Ayálégbé: Ṣé gọ́tà lẹ fẹ́ ni àbí igi?

Ìyá Ìbejì Amílégbé: Gọ́tà! Àmọ́ ẹ má kó ìdọ̀tí rẹ̀ sétí gọ́tà bíi tìjọ́sí. Òjò àkọ́kọ́ ló gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú.

Ọmọ Òkèlele: Mo ti kọ ọ́. Ta ló máa mú ṣọ́bìrì wá ní Sátidé?

Sawmill Boy: Mò ń lọ sí Ìbàdàn ní Sátidé.

Ìyá Ìbejì Amílégbé: Méjì wà lọ́wọ́ mi. Ìkẹta, Alfa, ọ̀dọ̀ yín ló wà látìjọ́sí.