"Amúnidákú" kọ́, ẹ jọ̀wọ́

Ẹ̀gbọ́n wa ní Àjàṣẹ́, mo kí yín o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lánàá, níbi tí ẹ ti pe ketamine, etomidate àti propofol ní "amúnidákú", ìyẹn àwọn oògùn tí wọ́n ń gún fún aláìsàn pàjáwìrì kí wọ́n tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè rí èémí gbà. Mi ò gbà.

"Kú" tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń bá jà. Mo ti ṣe ògbufọ̀ fún àwọn oníṣègùn rí ní Kétu níbí. Ẹ dúró ti ibùsùn ọmọ ọlọ́mọ, kí ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ fẹ́ mú un dákú: kí ẹ tó dákẹ́, ó ti já gèlè lórí, ó ti fi dì mọ́ ìbàdí. Ẹni tó bá dákú, omi tútù là ń wá kiri.

Ẹ tún ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Propofol funfun bíi wàrà, ó ń yá, àmọ́ ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ kò ṣeé fún ní ìwọ̀n tí a ń fún ẹni tára rẹ̀ le. Etomidate, 0.3 mg fún kílò ara kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ mi ìfúnpá, ṣùgbọ́n ó ń dí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín lọ́wọ́ láti ṣe cortisol, èròjà tí ara fi ń kojú àìsàn. Ketamine ńkọ́, 1 sí 2 mg fún kílò kan? Ojú aláìsàn lè là sílẹ̀, kó máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó sì máa mí fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣé ẹni tó lajú báyìí lẹ ní ó dákú?

"Akùnnilóorun" ni tèmi. Oorun ń kùn mí, ọ̀rọ̀ ilé ni. Nínú Bíbélì Yorùbá, oorun ìjìkà ló kùn Ádámù kí a tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Àmọ́ ẹ má yọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí "kùn" o! Bẹ́ẹ̀ kọ́, "kun" la ó kà, bí a ti ń kun ẹran. Bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ tí kò mọ̀wé, kò ṣi ohùn méjèèjì gbọ́ rí.

Àbúrò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní kí a da suxamethonium, oògùn tó ń mú gbogbo iṣan ara rọ, mọ́ wọn. Rárá! Ìyẹn kì í kùn ni lóorun. Ẹni tí a bá gún un fún láìkọ́kọ́ kùn ún lóorun á máa gbọ́ gbogbo ohun tí a ń ṣe, kò sì ní lè gbé ìka. "Amúṣanrọ" ni mo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ní kò tọ́, pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni iṣan. Bí iṣan bá fà yín lẹ́sẹ̀ lóru, ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀jẹ̀ lẹ ń sọ pé ó fà yín?