Ọjọ́ méje ní Kútọnu, kí la fẹ́ máa ṣe? Ẹ gbà mí o

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ara mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti fẹ́ gbóná. Mo fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Kútọnu, lórílẹ̀-èdè Benin, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú owó yìí, èmi tí mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ pète ẹ̀, òun ló ní ká lọ o, òun ló ń fi fọ́tò etí òkun ránṣẹ́ sí mi lóru, ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wá sọ pé òun máa fi owó òun ra jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀! Ó dáa náà. Àwọn kan tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò, ẹ má bi mí lórúkọ wọn, gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi pé àwọn máa gbé wa lọ gbé wa bọ̀, látìgbà yẹn tí mo bá ti pè wọ́n, "mádáàmù, ẹ ṣáà máa retí wa." Àbúrò ọkọ mi ò tún jẹ́ n gbádùn, ó ní ṣé Kútọnu náà nìlú òyìnbó, ó ní tó bá jẹ́ òkun ni mo fẹ́ rí kí n wọ mọ́tò lọ Èkó. Ó dùn mí débi pé mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìbéèrè mi ò ju pé kí la máa fi odindi ọjọ́ méje ṣe níbẹ̀? Hòtẹ́ẹ̀lì wà nílẹ̀, ní Fidjrossè létí òkun. Mo ti ra aṣọ, mo ti ra bàtà funfun. Mi ò gbọ́ Faransé o, bọ́n-ṣúù nìkan ni mo mọ̀. Ṣé ká sanwó fún ẹni tó máa mú wa kiri tó máa máa túmọ̀? Ẹ dákun ẹ má bú mi.

Ìyá Ìbejì
O ò sọ ìgbà tó o fẹ́ lọ, o ò sọ iye ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ, o ò sọ iye tó wà lọ́wọ́ ẹ. Bàtà funfun lo sọ.

Alájàpá Sẹ̀mẹ̀
Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, ọjà Dantokpa ni mo ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí. Kò sí físà níbẹ̀, ọmọ ECOWAS ni wá, ọjọ́ 90 lèèyàn lè lò. Àmọ́ pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wà, má ṣe bí àwọn tí kò níwèé tó jẹ́ pé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti na okùn sójú títì ni wọ́n ti máa tọwọ́ bàpò. Yẹ́lò káàdì náà ńkọ́, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni kó o lọ gbà, má lọ ra káàdì lásán, tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ó di ọjọ́ 10 kó tó múlẹ̀.

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Àwọn onípààrọ̀ owó tó wà ní bọ́dà yẹn, tó o bá ti ka owó ẹ tán, kó o sọ ọ́ sáyà ni o. Èmi tí mo ń pariwo yìí, mo ka owó lọ́jọ́ kan ó pé, ọmọ yẹn ní mọ̀mí ẹ jẹ́ n fi rọ́bà dì í fún yín, mo dé Dantokpa mo tú rọ́bà, ewé mẹ́ta ti pòórá láàrin. Rọ́bà náà ṣì le dáadáa o.

Ọ̀kadà wọn ni wọ́n ń pè ní zémidjan. Ná an kó o tó gùn ún, tó o bá ti gùn ún tán, iye tó bá wù ú lo máa san.

Bọ̀dá Láńdìlọ́ọ̀dù
Kútọnu gan-an, ọjọ́ méjì ti tó, agbègbè ẹ̀ lẹ máa fi ọjọ́ yòókù wò. Ẹ lọ Ganvié. Abomey-Calavi lẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi, orí òpó nínú ọ̀sà Nokoué ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé ìlú yẹn sí, ọjà wọn pàápàá inú ọkọ̀ ni, ẹ máa rí obìnrin tó kó tòmátì síwájú tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ lọ bí ẹni ń rìn lójú títì. Àwọn baba ńlá wọn ló sá wọ omi nítorí àwọn tó ń kó ẹrú, wọ́n ní èèwọ̀ ni fún ọmọ ogun Dàhọ̀mì láti lépa èèyàn wọ inú omi. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù o, tí oòrùn bá ti mú, ojú omi yẹn á máa tàn bí páànù tuntun.

Ouidah náà ò jìnnà, nǹkan bí 40 kìlómítà. Ọ̀nà tí wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀, kìlómítà mẹ́rin ni, ó já sí ẹnubodè kan létí òkun tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀kùn Àìpadà. Ilé òjòlá wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ńlá dojú kọ ọ́ báyìí, wọ́n á gbé òjòlá kọ́ ẹ lọ́rùn bí ṣéènì kẹ́ ẹ ya fọ́tò. Òkun agbègbè yẹn, ẹ wò ó lójú lásán, ẹ má wọ̀ ọ́, ó máa ń fa èèyàn lọ.

Nínú Kútọnu, ẹ lọ wo ère obìnrin ológun Dàhọ̀mì yẹn, 30 mítà ni gíga ẹ̀, 2022 ni wọ́n ṣí i.

Ọmọ Lísàbí
Ẹ dúró ná. Àwọn tó wá bá wa jà ní Abẹ́òkúta ní 1851 tá a lé wọn, tí wọ́n tún padà wá ní 1864 tá a tún lé wọn, àwọn náà lẹ ní kí ọmọ Yorùbá lọ dúró lẹ́sẹ̀ ère wọn kó máa rẹ́rìn-ín?

Ọmọ Alákétu
Ẹ̀yin lẹ lé wọn. Àwa Kétu ńkọ́, tí wọ́n jó ìlú wa ní 1886? Mo ti ya fọ́tò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fọ́tò náà dáa.

Ọmọ Lísàbí
Ojú kì í tì yín.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ jà níta. Àdùnní, mo ṣì ń retí ìdáhùn.

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣé gan-an o. Ẹ̀gbọ́n Alájàpá, a ti gba yẹ́lò káàdì, pásípọ́ọ̀tù náà wà. Ìyá Ìbejì, bàtà yẹn wọ́n ni mo fi dárúkọ ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yẹn sì ti ra jẹnẹrétọ̀ náà o, ó gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run ló ṣe é. Ganvié yẹn wù mí, àbí ọkọ̀ ojú omi yẹn ní àtẹ̀gùn? Orúnkún ìyá mi ò dáa tó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn.

Ìyá Ìbejì
Ìyá wo?

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Ìyá tó bí mi lọ́mọ. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Mo rò pé mo ti sọ ọ́.

Bọ̀dá Láńdìlọ́ọ̀dù
Ẹ ò sọ ọ́ o! Ẹ wá fagi lé ọ̀rọ̀ zémidjan. Ọ̀nà ẹrú yẹn, mọ́tò ni kó gbé wọn débi ẹnubodè. Ganvié ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ ó máa gba kí èèyàn méjì di màmá mú wọ ọkọ̀, torí ọkọ̀ yẹn á máa mì. Mo gbé bàbá mi lọ níjelòó, bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, wọ́n tẹjú mọ́ bàtà wọn títí a fi gúnlẹ̀ padà. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n lónìí, wọ́n á ní àwọn ti dé Ganvié.

Alájàpá Sẹ̀mẹ̀
Ìgbà wo lẹ̀ ń lọ gan-an? Ẹ ṣáà dáhùn èyí.

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ 7 oṣù kìíní sí ọjọ́ 14.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifá
Àṣé! Ọdún Vodun lẹ fẹ́ bọ́ sí yẹn, nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kìíní ni wọ́n máa ń ṣe é, Ouidah á kún dẹ́nu, àwọn tó ti Brazil wá á wà níbẹ̀, ọlidé ìjọba ni lọ́dọ̀ tiwọn. Bí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tiwa ní 20 oṣù kẹjọ, àmọ́ tiwọn tóbi jù ú lọ. Orí yín ló bá yín yan ọjọ́ yẹn.

Arábìnrin Ìràpadà
Orí wo? Àdùnní, màmá ẹni ọdún 71, ibi tí wọ́n ti ń gbé òjòlá kọ́rùn lo fẹ́ mú wọn lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, dípò kẹ́ ẹ wà nínú ààwẹ̀. Sún un síwájú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifá
Ẹ̀gbọ́n, ìrìn àjò ló béèrè, kò ní kẹ́ ẹ wá wàásù.

Arábìnrin Ìràpadà
Màá wàásù. Níbi gbogbo.

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Mi ò mọ̀ pé ọdún wọn ni o. Ó jọ pé ìyẹn ló jẹ́ kí hòtẹ́ẹ̀lì wọ́n.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìlú wa, Àjàṣẹ́ tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, bẹ́ẹ̀ olú-ìlú Benin ni. Sí Kútọnu, nǹkan bí 30 kìlómítà. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀ kọ́, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ máa búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ààfin Honmè wà níbẹ̀. Oko Songhaï náà wà níbẹ̀, fádà kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, ló dá a sílẹ̀ ní 1985, ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe gáàsì. Ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú, ó dáa fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹ ò sì nílò Faransé kankan, Yorùbá àti Ègùn là ń sọ nínú ọjà.

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ Àjàṣẹ́ sí mi létí mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Wàhálà wo tún nìyẹn?

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí. Bàbá wọn ń ta aṣọ níbẹ̀, ọmọ ọdún 12 ni wọ́n kí wọ́n tó mú wọn wá sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan ṣì wà níbẹ̀, wọn ò tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà ìsìnkú bàbá àgbà. Látìgbà tí mo ti ní mo fẹ́ mú wọn lọ Kútọnu, àwọn ò rí Kútọnu sọ, Àjàṣẹ́ ṣáá, àwọn fẹ́ lo ọjọ́ méjèèje lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn. Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́, ṣé mo wá tọ́jú owó fún ọdún mẹ́ta kí n lè lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn kí n máa gbọ́ Ègùn tí mi ò gbọ́?

Alájàpá Sẹ̀mẹ̀
Màmá gbọ́ Ègùn???

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Bí ẹni ń mu omi. Tí inú bá ń bí wọn, òun ni wọ́n fi ń bú wa.

Ìyá Ìbejì
Àdùnní. O ń wá ẹni tó o máa sanwó fún kó máa túmọ̀ èdè. Ìyá ẹ ń gbọ́ èdè ibẹ̀. Àwa wá jókòó síbí látàárọ̀ à ń kọ́ ẹ ní bọ́n-ṣúù.

Alájàpá Sẹ̀mẹ̀
Bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ tó gba Èkó ni mo ti rò pé ẹ máa gbà, ẹ da ìyẹn nù. Tó bá jẹ́ Àjàṣẹ́ lẹ̀ ń lọ láti Ìbàdàn, kí lẹ fẹ́ wá lọ ṣe ní Sẹ̀mẹ̀? Bọ́dà Ìdírókò ni kẹ́ ẹ gbà, tẹ́ ẹ bá ti kọjá Ìgọ̀lọ́ ẹ ti ń wọ Àjàṣẹ́ nìyẹn, orúnkún màmá ò ní jìyà sún-kẹẹrẹ Èkó.

Ọmọ Lísàbí
Ìdírókò kẹ̀? Ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí láti Ọ̀tà?

Alájàpá Sẹ̀mẹ̀
Mo mọ̀ ọ́n, àná ni mo gbà á.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ fi màmá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ̀yin ẹ máa jáde láàárọ̀ lọ síbi tó bá wù yín, kẹ́ ẹ padà wálé lálẹ́. Ọjọ́ kan fún Ganvié, ọjọ́ kan fún Ouidah, ẹ lọ sun ọjọ́ méjì sí Fidjrossè kí bàtà funfun náà lè rí òkun. Ẹ bá mi kí màmá, ẹ sọ fún wọn pé kwabọ̀.

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Mo ti kà á sí wọn létí. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọ́n ti ń fi Ègùn dá yín lóhùn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá wọ́n ṣì ń ta ẹja díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí yẹn.

Ọjọ́ méjì yẹn dáa, mo fara mọ́ ọn. Ohun tó kù ni hòtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ méje ni mo san. Ṣé wọ́n á dá owó ọjọ́ márùn-ún padà fún mi?

Alájàpá Sẹ̀mẹ̀
Ó sinmi lé wọn. Kí ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì tí hòtẹ́ẹ̀lì fún yín?

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì ni mo sanwó fún tààrà. Àwọn tó gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi yẹn ló ní àwọn á bá mi san án.

Ìyá Ìbejì
Àwọn tó ní kó o máa retí àwọn?

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ n pe hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ná. Mọ̀mí, ẹ wá bá mi gba fóònù yìí, Faransé ni wọ́n ń sọ.