Ẹ bá mi wá ìwé àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tó dá wọ ọkọ̀ ojú irin

Ẹ kú ilé o. Ìwé ọmọdé kan ni mo ń wá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ti pẹ́. Bàbá mi rà á ní àlòkù nítòsí téṣàn rélùwéè Ọ̀fà. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já kó tó dé ọwọ́ wa, orúkọ ìwé àti ti òǹkọ̀wé bá a lọ.

Ọkùnrin méjì, obìnrin kan, kò sí àgbà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin fi òwú so tíkẹ́ẹ̀tì àbíkẹ́yìn mọ́ ọn lọ́rùn. Ọkọ̀ dúró, ọmọ yẹn sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi, ni ọkọ̀ bá gbéra! Ibẹ̀ ni màmá mi máa ń pa ìwé dé, tá a ó máa bẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà bá fọn fèrè lóru, èmi àti àbúrò mi á ní àwọn ọmọ náà ló ń kọjá.

Kì í ṣe The Railway Children tí E. Nesbit kọ ní 1906 o. Ẹ̀bá ojú irin ni àwọn tibẹ̀ ń gbé. Ìrìn àjò ni tiwa.

Ojú màmá mi kò ríwèé kà mọ́. Mo fẹ́ kà á fún wọn. Ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.