Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù?

Ọmọ Ìkòròdú:
Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lórí ọ̀sà, mo kí yín. Wọ́n fi ọkọ̀ onífáíbà kan lọ̀ mí, ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 ló wà ní ìdí rẹ̀, ẹja ni mo sì fẹ́ máa fi kó. Ẹni tó ń tà á ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, ó ń dán, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó san owó?

Bàbá Ẹ̀pẹ́:
Ìbẹ̀rù rẹ tọ́, ọmọ mi, nítorí ọ̀dà tuntun a máa bo ojú ibi tí wọ́n lẹ̀. Ní kí wọ́n fà á gòkè sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí o sì fi èèkù ọ̀bẹ lu ara rẹ̀ láti iwájú dé ìdí: ibi tó le yóò dún kọ́kọ́, ṣùgbọ́n ibi tí fáíbà ti ya kúrò lára ara wọn yóò dún bí ìgbà tí a lu páálí. Ibi tí mo fẹ́ kí o pẹ́ sí jù ni ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́. Pákó ni wọ́n sábà máa ń fi sí àárín fáíbà níbẹ̀, bí omi bá sì gba ojú ihò nọ́ọ̀tì wọlé, pákó náà yóò máa jẹrà nínú nígbà tí òde rẹ̀ ṣì ń dán. Di ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, gbé e sókè, tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá ń mì, má ṣe rà á. Mo ti ra irú rẹ̀ rí, owó tí mo fi tún un ṣe sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo rà á.

Mẹkáníìkì Etí Ọ̀sà:
Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí ẹ́ńjìnnì tútù ni í fi ìṣòro rẹ̀ hàn. Ẹ tú ọ́ìlì gíà díẹ̀: bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ rí omi tó ń tú jáde lára rẹ̀ gírígírí, nítorí omi ọ̀sà Èkó ní iyọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a sì máa dí ojú ọ̀nà omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ẹ fi nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì wé èyí tó wà nínú ìwé, nítorí àwọn olè a máa jí ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo pe ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà ní òwúrọ̀ yìí, ó gbà kí n wo ìwé, ó gbà kí n tan ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní fa ọkọ̀ gòkè.

Bàbá Ẹ̀pẹ́:
Wá òmíràn, ọmọ mi.