Àtúnṣe ààbò lórí Linux àti BSD: kí ni wọ́n ṣèlérí fún yín, ìgbà wo ló sì ń tán?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tí ojú ti rí nídìí àtúnṣe ààbò jọ síbí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí Linux tàbí BSD (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) bá ti wà lórí ẹ̀rọ, àtúnṣe á máa wá títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá dá sí i fi ọjọ́ àti àṣẹ tí èèyàn lè tẹ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

* * *

Ìwé-àṣẹ GPL, tí Linux ń tẹ̀ lé, fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ketekete pé kò sí onígbọ̀wọ́ kankan. Ìlérí tí ẹ ní kò ju èyí tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà yẹn bá kéde lọ. Ní ti Debian, tó jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi Linux, nǹkan bí ọdún 3 ni ẹgbẹ́ ààbò wọn fi ń bójú tó ẹ̀yà kan, lẹ́yìn náà àwọn LTS (ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀yà àtijọ́) á gbà á títí yóò fi tó ọdún 5. Debian 10 jáde ní oṣù Keje 2019, ó sì parí ní 30 oṣù Kẹfà 2024. Debian 12 jáde ní oṣù Kẹfà 2023, 30 oṣù Kẹfà 2028 ni òpin rẹ̀. LTS kì í bo gbogbo package (àwọn ètò tí Debian ń pín) o. Ẹ fi `debian-security-support` sórí ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ `check-support-status`. Á dárúkọ èyí tí wọ́n ti pa tì.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kúrò ní Debian 10 (`buster`) bọ́ sí 11 (`bullseye`). Wọ́n á yí `buster` sí `bullseye` nínú `sources.list`, fáìlì tó ń sọ ibi tí àtúnṣe ti ń wá, wọn ò ní mọ̀ pé ìlà ààbò kò jẹ́ `/updates` mọ́, `bullseye-security` ló dà. Apt, ètò tó ń gbé package wọlé, á ní òun ò rí fáìlì Release. Àwọn kan á wá pa ìlà náà rẹ́ kí ariwo lè dákẹ́. Láti ìgbà yẹn, apt á máa sọ pé kò sí ohun tó kù, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ààbò kò dé mọ́ àfi nígbà tí 11.1, 11.2 àti irú wọn ṣì ń jáde, ìyẹn sì ti parí ní 2024.

* * *

Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀yà gan-an ló ń da èèyàn láàmú jù. Ní 1 oṣù Keje 2024, CVE-2024-6387 (CVE ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àlébù ààbò mọ̀) jáde nípa OpenSSH, ètò tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, 9.8p1 ni àwọn tó kọ ọ́ fi tún un ṣe. Ètò tó ń yẹ ẹ̀rọ wò fún àlébù á wo Debian 12, á rí 9.2p1, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewu wà. Debian kì í gbé 9.8 wọ ẹ̀yà tó ti jáde. Àtúnṣe yẹn nìkan ni wọ́n ń mú, tí wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ 9.2p1 tó wà nílẹ̀. Ẹ tẹ `dpkg -l openssh-server`. Bí ẹ bá rí `1:9.2p1-2+deb12u3` tàbí èyí tó jù ú lọ, àtúnṣe ti wọlé. Ìrù yẹn, `+deb12u3`, ni kí ẹ máa wò. `apt changelog openssh-server` á fi nọ́ńbà CVE náà hàn yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìwé ayẹ̀wò lọ ṣe compile 9.8 (kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ọ láti inú kóòdù rẹ̀) sínú `/usr/local`. Apt ò mọ̀ ọ́n, nítorí náà àlébù mìíràn tí wọ́n bá rí lọ́la, ọwọ́ ara yín lẹ máa fi tún un ṣe. Debian 11 kò tiẹ̀ sí nínú ewu yẹn: 8.4p1 ló ní, 8.5p1 sì ni àlébù náà ti padà wọlé. Ẹ yọ irú àwọn Firefox ESR àti Chromium, ètò tí a fi ń wo ìkànnì, sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yà tuntun ni Debian ń gbé wọlé fún wọn.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: àtúnṣe lè wọlé kó má ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tún `libssl` (àkójọ kóòdù ìpàrokò tí àwọn ètò mìíràn ń lò) ṣe, nginx (ètò tó ń gbé ìkànnì jáde) tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì di ti àtijọ́ mú nínú mẹ́mórì. `needrestart` á sọ èyí tó yẹ kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ní ti kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, àfi kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn. Àṣẹ `uname -v` ló ń sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí `/boot` bá kún, kernel tuntun ò ní ráyè, `unattended-upgrades`, tó ń gbé àtúnṣe wọlé fúnra rẹ̀, á sì máa kùnà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ máa ka `/var/log/unattended-upgrades/`, kí ẹ sì fi `apt autoremove --purge` kó kernel àtijọ́ kúrò.

* * *

Ẹ̀yin oní-Ubuntu, ọdún 5 tí LTS (ní ti Ubuntu, ẹ̀yà tí wọ́n ń bójú tó pẹ́) ń sọ, package inú main, àkójọ tí àwọn tó ni Ubuntu ń bójú tó, ló wà fún. Ti universe, àkójọ tí àwọn ará ìta ń bójú tó, kò sí nínú rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ní Ubuntu Pro, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹ̀rọ 5 tó jẹ́ ti ara ẹni. `pro security-status` á ya wọ́n sọ́tọ̀ fún yín. Ẹ̀yà tí kì í ṣe LTS, oṣù 9 péré ni.

OpenBSD, ọ̀kan nínú àwọn BSD, ń jáde ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ̀yà 2 tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń tún ṣe. `syspatch` ni ẹ ó tẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan package. Àṣẹ `pkg_add -u` ló wà fún ìyẹn.

Ẹ sì rántí pé ọjọ́ tí wọ́n dá lè yí padà. Àwọn tó gbé CentOS 8, oríṣi Linux mìíràn, sórí sáfà ń retí àtúnṣe títí di 2029. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìkéde jáde pé 31 oṣù Kejìlá 2021 ni yóò parí.