Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti wá geocache lórí Òkè Olúmọ rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gun Òkè Olúmọ nítorí ike kékeré kan, mi ò tíì rí i. Fún ẹni tí kò mọ geocache: wọ́n á fi ìwé pélébé sínú ike, wọ́n á gbé e pamọ́, ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, á sì dá a padà síbi tó ti mú un.

Àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ni mo ń gbà. Ó ga, ó sì ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n GPS, ohun inú fóònù tó ń tọ́ka ibi tí ike náà wà fún mi, gan-an ni wàhálà mi. Bí mo bá wà láàárín àpáta méjì, fóònù á ní ó ku mítà 3. Kí n gbẹ́sẹ̀ kan, ó di 20. Àpáta ló ń dí àmì tó ń ti sátẹ́láìtì ojú ọ̀run bọ̀ sórí fóònù, tó tún ń ta á padà. Àlàyé kan ṣoṣo tí ẹni tó gbé ike náà pamọ́ ṣe fún wa ni “ibi tí oòrùn kì í dé.” Irú ibẹ̀ pọ̀ ní Olúmọ! Ṣebí inú ihò ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun.

Mi ò lè máa tọwọ́ bọ ihò kiri, nítorí ejò, pàápàá nítorí ojúbọ tó wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí i, ṣé ìsàlẹ̀ ni àbí òkè? Ṣé tí mo bá gbé fóònù kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìtọ́ka rẹ̀ á fara balẹ̀? Sátidé ni èmi àti àbúrò mi ń padà lọ, ó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kó tó wọlé ẹ̀kọ́.